Ẹ̀wà Inú Agolo: Bí Orúkọ Saikọ́lọ́jíìsì Wa Ṣe Padà Sínú Ìwé Àmì Ẹ̀yẹ

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń yan òṣìṣẹ́ tó tayọ ní ọsibítù ọpọlọ kan tó jẹ́ ti ìjọba, nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ọ́fíìsì káàdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn, mo sì ti lo ọdún 21 níbẹ̀. Ní 2023, ìgbìmọ̀ wa yọ orúkọ saikọ́lọ́jíìsì kan kúrò lára àwọn tí a fẹ́ yẹ́ sí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ìlà pupa lé orúkọ náà. Bí orúkọ ọ̀hún ṣe padà wọlé ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà nípa aláìsàn tí mo máa mẹ́nu bà, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Télọ̀ ni mo máa pè é. Iṣẹ́ télọ̀ kọ́ ló ń ṣe.

Obìnrin ni saikọ́lọ́jíìsì náà. Àwọn aláìsàn ń pè wọ́n ní Àǹtí Ẹ-jókòó, torí pé bí o bá ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn, ìbáà ṣe pé ò ń pariwo, ìbáà ṣe pé ò ń sunkún, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu wọn ni "Ẹ jókòó." Wọn kì í sọ ọ́ kánkán. Wọ́n á rọra fà á, wọ́n á nawọ́ sí àga, wọn ò sì ní sọ nǹkan míì títí o ó fi jókòó tán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé pákó fẹ́lẹ́ kan péré ló pín yàrá wọn àti ọ́fíìsì wa níyà, pákó ọ̀hún ò sì kan àjà. Kọ́tìnì ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Gbogbo ohun tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ bá ń sọ, etí wa ló ń bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta tí a wà ní ọ́fíìsì káàdì ní àdéhùn kan: bí a bá ti gbọ́ "Ẹ jókòó", ẹni tó bá sún mọ́ rédíò jù á yí i sókè. Rédíò yẹn ló ń ṣe ilẹ̀kùn fún wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyàtọ̀ saikọ́lọ́jíìsì àti dókítà ọpọlọ. Nínú ọsibítù gan-an, ẹni tó bá ti mú ìwé dání tí kò wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, "dókítà" ni wọ́n ń pè é. Dókítà ọpọlọ ló ń kọ oògùn, òun ló ń sọ ẹni tí a máa dá dúró sí wọ́ọ̀dù àti ẹni tó lè máa lọ sílé. Saikọ́lọ́jíìsì kì í kọ oògùn. Ọ̀rọ̀, ìbéèrè, ìdánwò àti ìhùwàsí èèyàn ni irinṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń fi ìdánwò wádìí bóyá ọmọ tó fi orí gbálẹ̀ lórí ọ̀kadà ṣì ń rántí nǹkan bó ṣe yẹ. Òun ló ń jókòó ti ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ títí èrò náà á fi rọlẹ̀. Òun ló ń kọ́ ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, bó ṣe lè gbọ́ ohùn náà kó má sì jẹ́ ẹrú rẹ̀. Ìwé ìdánwò tó ti òkè òkun wá kì í sì í fìgbà gbogbo bá wa lára mu. Yorùbá á wọlé, á ní ọdẹ orí ń dà òun láàmú, orí òun ń gbóná, nǹkan kan ń rìn lára òun bí èèrà. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ìwé òyìnbó. Peter Ebigbo, saikọ́lọ́jíìsì ní Enugu, ló kó irú ẹ̀sùn báwọ̀nyí jọ tó fi ṣe ìwé ìdánwò kan tó gbé jáde ní 1982. Alfred Awaritefe náà ṣe ìwé ìdánwò tirẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Méjèèjì wà nínú dúrọ́ọ̀ Àǹtí, fọ́tòkọ́pì tí wọ́n ti tún dà kọ léraléra débi pé lẹ́tà rẹ̀ ti ń ṣá, tí Àǹtí ti fi bírò tún àwọn ìlà kan tẹ̀ kí ó lè ṣeé kà.

Ká jókòó ti ẹbí aláìsàn, kì í ṣe àṣà àjèjì nílẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣí ilé aláìsàn ọpọlọ ti Yábàá ní 1907, ibi tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ pamọ́ sí ni, kí ìgboro lè rójú. Ní 1944 wọ́n ṣí ti Lántòrò l'Ábẹ́òkúta fún àwọn ọmọ ogun tó ti ogun Hitler dé, tí ọkàn wọn ò tíì ti ogun dé. Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Arò l'Ábẹ́òkúta, tó ní kí aláìsàn wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí wọ́n jọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí aláìsàn máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Gbogbo ayé mọ Lambo, ó sì tọ́ sí i. Ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ní ọsibítù tiwa náà, orúkọ àwọn dókítà tó ti ṣe ọ̀gá wà lára ògiri, a fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kọ ọ́ sí pákó. Mo ti ka pákó náà lọ, mo ka á bọ̀. Kò sí saikọ́lọ́jíìsì kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Ọjọ́ Ìlera Ọpọlọ Lágbàáyé bá bọ́ sí, ìyẹn ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà, ni a máa ń fún òṣìṣẹ́ ní àmì ẹ̀yẹ. Fọ́ọ̀mù olójú ewé kan la fi ń wọ̀n wọ́n. Ìbéèrè 4 ló wà níbẹ̀: aláìsàn mélòó lo rí lóṣù, èló lo pa wọlé fún ọsibítù, ìgbà mélòó lo pẹ́ dé, kí ni ọ̀gá ẹ̀ka rẹ sọ nípa rẹ.

Fún Àǹtí, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni pé a dìídì ṣe é láti fi gbé wọn ṣubú. Aláìsàn 4 ni wọ́n ń rí lóòjọ́, nígbà míì 5. Dókítà tó wà ní kíléníìkì lè rí 40 kí oòrùn tó kàntàrí. Owó ìdánwò nìkan ló ń wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá ìyá aláìsàn sọ fún odidi wákàtí kan, kò ní rìsíìtì. Wọ́n máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé, nítorí pé ilé àwọn aláìsàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí, owó ọkọ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ọ̀gá ẹ̀ka? Àwọn saikọ́lọ́jíìsì ò ní ẹ̀ka tiwọn. Méjì péré ni wọ́n ní gbogbo ọsibítù, abẹ́ àwọn dókítà ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Ọ̀gá tó buwọ́ lù ú kọ "Ó dára" sí i, bó ṣe kọ ọ́ sí ti gbogbo èèyàn.

Akáńtà wa wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí kì í sì í rẹ́nikẹ́ni jẹ. Ó wo ìwé náà, ó ní: "Mẹ́rin lóòjọ́? Kí ni wọ́n wá ń fi ìyókù ọjọ́ ṣe?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi tí mo ń gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè yẹn láti ẹ̀yìn pákó lójoojúmọ́, mi ò la ẹnu mi. Mo fa ìlà pupa, a bọ́ sórí ẹni tó kàn. Ó ń dùn mí di òní.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo ń pààrọ̀ ẹ̀yìn àwọn fáìlì tó ti ya. Ti Télọ̀ wà lára wọn. Ó nípọn bí ìwé òfin, okùn tínrín la fi so ó. Àwa òṣìṣẹ́ káàdì kì í ka ohun tí dókítà kọ, a ò sì gbọ́dọ̀ kà á. Ojú ewé iwájú là ń wò, ibi tí a ń lu òǹtẹ̀ sí nígbà tí a bá gba èèyàn sí wọ́ọ̀dù àti nígbà tí ó bá lọ sílé. Mo ka òǹtẹ̀ náà: láti 2008 sí 2016, a ti gbà á wọlé ní ìgbà 8. Òmíràn ò tó oṣù mẹ́ta síra wọn. Òǹtẹ̀ àwọ̀ búlúù, òǹtẹ̀ àwọ̀ dúdú, ọ̀kan tí mo mọ̀ pé èmi ni mo lù ú torí pé ó wọ́. Lẹ́yìn 2016, ojú ewé náà funfun. Mo rò pé ó ti kú ni. Mo ṣí ẹ̀yìn, mo wá rí déètì kíléníìkì rẹ̀: oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ń wá gba oògùn, kò yẹ ọjọ́ rẹ̀ rí. Ọdún 6 àti ààbọ̀, kò sùn ní wọ́ọ̀dù wa lálẹ́ ọjọ́ kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2016? Ohun tí mo rí lójú ewé ìtọ́kasí ò ju gbólóhùn kan: wọ́n fi í ránṣẹ́ sí saikọ́lọ́jíìsì.

Mo gba ẹ̀yìn kọ́tìnì wọlé lọ́jọ́ náà, mo bi Àǹtí léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún Télọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó. Wọ́n wá ní, "Ẹ máa bínú o. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi láti sọ. Ẹ lọ bi àwọn tó ni ín." Wọn ò mọ̀ rárá pé a ti dárúkọ wọn ní ìgbìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò mọ̀ pé a ti yọ ọ́. Mi ò sì lè sọ fún wọn.

Mo dúró de ọjọ́ kíléníìkì Télọ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e wá. Abẹ́ igi kajú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn ni àwọn ẹbí máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni mo bá màmá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sọ ìdí tí mo fi ń béèrè, mo sì sọ fún wọn pé bí wọn ò bá fẹ́ dáhùn, kò sí nǹkan kan. Màmá ní kí n fìdí mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀, wọ́n sì gbà kí n kọ ọ́:

"Ọmọ mi, èmi ni mò ń dá ọmọ mi padà sí ọsibítù, tí mi ò mọ̀. Àǹtí wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé kan lórí ọ̀kadà. Mo rò pé ọmọ mi ni wọ́n wá wò. Wọ́n kí i tán, èmi ni wọ́n jókòó tì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, 'Mọ́mì, àìsàn yìí ò ti ọwọ́ yín wá o.' Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn. Ẹ mọ iye ọdún tí àwọn ará àdúgbò ti fi ń wò mí bí ẹni tó fi ọmọ ṣe nǹkan? Wọ́n ní kí n sọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nílé wa. Mo ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gbá ilẹ̀kùn rẹ̀, màá ní, 'Wèrè, o ti lo oògùn ẹ?' Bí kò bá jẹun, màá bú u. Bó bá sùn, màá bú u. Bó bá jáde, màá sá tẹ̀ lé e, màá máa sunkún ní títì. Mo rò pé bí màá ṣe gbà á là nìyẹn."

Àǹtí ò ní kí màmá dákẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ mú agolo mílíìkì méjì àti abọ́ ẹ̀wà kan wá. Bí màmá bá bú Télọ̀, hóró ẹ̀wà kan wọ agolo àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sọ ohun tó dáa sí i, ìbáà jẹ́ "o káre" lásán, hóró kan wọ agolo kejì. Kí wọ́n má yí nǹkan kan padà lọ́sẹ̀ kìíní o, kí wọ́n kàn máa sọ ẹ̀wà sí i. Màmá ò mọ ìwé kà, àmọ́ ta ni kò mọ ẹ̀wà? Lọ́jọ́ kẹrin, agolo àkọ́kọ́ ti kún dẹ́nu. Hóró mẹ́ta ló wà nínú èkejì. "Mo gbé agolo náà sórí itan mi," màmá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni tó gbé nǹkan wúwo, "mo mì ín, ó ń dún, mo ní háà, gbogbo èyí ni mo ti kó lé ọmọ mi lórí?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tún ilé tò. Àbúrò Télọ̀ obìnrin ló ń gbé oògùn fún un láàárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná, tí kò sì ní sọ ju "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi" lọ. Màmá padà sí ọjà tí wọ́n ti pa tì láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́. Ìyá àti ọmọ kì í wá rí ara wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Oògùn ò dúró; Àǹtí tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá dá a dúró ti tú gbogbo iṣẹ́ náà ká. Wọ́n ń bọ̀ lóṣooṣù fún ọdún kan, wọ́n á jókòó, wọ́n á ka ẹ̀wà.

Mo ti wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìmọ̀ tó ní gbòǹgbò ni Àǹtí ń lò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, George Brown àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé aláìsàn tó kúrò ní ọsibítù tó padà sílé tí wọ́n ti ń bú u, tí wọ́n ti ń kùn sí i, tàbí tí wọ́n ti ń dà á bò jù, àìsàn máa ń tètè padà dé bá a ju ti ẹni tó bọ́ sílé tó rọrùn lọ. Christine Vaughn àti Julian Leff tún rí i ní 1976 pé ewu náà pọ̀ jù fún ẹni tó bá ń lo ju wákàtí 35 lọ lọ́sẹ̀ ní ojúkojú pẹ̀lú irú ẹbí bẹ́ẹ̀, oògùn sì wà lára ohun tó ń dáàbò bò ó. Màmá ò gbọ́ orúkọ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́nu Àǹtí. Ẹ̀wà ni wọ́n gbọ́. Mo rò ó títí, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ wọn ti hàn jù: kí èèyàn mú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọdún púpọ̀ wádìí, kó sì fi abọ́ ẹ̀wà kan gbé e lé ìyá kan lọ́wọ́.

Mo bẹ alága kó tún ìpàdé pè. Dókítà àgbà ni alága wa, ẹni tó máa ń fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu èèyàn. Mo gbé ojú ewé iwájú fáìlì náà kalẹ̀, mo ti fi bébà bo orúkọ. Mo ní kí wọ́n wo òǹtẹ̀, kí wọ́n sì wo ibi tó funfun. Alága yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìbéèrè tí wọ́n wá béèrè, ìbéèrè gidi ni: "Ṣé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ la wá fẹ́ fún ní àmì ẹ̀yẹ?"

Mátírọ́ọ̀nù ló dáhùn. "Dókítà, bí a bá gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀. Ìdí tí a fi ń gún un nìyẹn." Wọ́n wá sọ èyí tí kò sí nínú fáìlì kankan. Lọ́dún kan, aláìsàn kan kú mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lóru. Àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì méjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò lè sùn mọ́, ọ̀kan ti kọ ìwé pé òun ò ṣe mọ́. Àǹtí ló ń wá ní agogo méje àárọ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ iṣẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n ń jókòó tì wọ́n ní yàrá tíì. Àwọn ọmọ náà ṣì wà níbi iṣẹ́ dòní. "Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá," Mátírọ́ọ̀nù ní, "kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan."

Akáńtà fa ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro iye tí ẹbí kan ń ná bí a bá gba èèyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan: owó bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ, oògùn, owó ọkọ̀ ẹni tó ń wá wò ó, ọjà tí kò tà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó ní, "Wọ́n pa owó wọlé. Kì í ṣe àpò tiwa ló bọ́ sí." Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gidi lọ́jọ́ náà.

Ìjà kan fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá mọ ọsibítù ìjọba mọ ìjà àárín àwọn dókítà tó ń gbowó oṣù lórí ìlànà CONMESS àti àwa yòókù tó ń gba tiwa lórí ìlànà CONHESS. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ pé bó bá jẹ́ dókítà ni, a ò ní máa bèèrè ẹ̀rí tó báyìí. Mátírọ́ọ̀nù fọwọ́ lu tábìlì, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ọ̀dọ́ dókítà kan wá sọ fún wa pé ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn saikọ́lọ́jíìsì ní ẹ̀ka kan, Ẹ̀ka 18, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó fi mọ́ àwọn tó wà ní ọsibítù ọpọlọ ti ìpínlẹ̀. Wọ́n ní àmì ẹ̀yẹ tiwọn níbẹ̀, tí wọ́n fi sọrí Harold M. Hildreth, ẹlẹgbẹ́ ẹni ló sì ń yan ẹni. Àwa náà ní Ẹgbẹ́ Saikọ́lọ́jíìsì Nàìjíríà láti 1984, ṣùgbọ́n nínú ọsibítù tí wọn ò ju méjì lọ, ta ni yóò yan ta?

Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni pé kí a fi ìbéèrè méjì kún fọ́ọ̀mù náà. Èkíní, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí o bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan? Èkejì, kí ni aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sọ? Mo tako bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ èkíní. Wọ́n fẹ́ ka iye aláìsàn òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó padà sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì fi wé ti ẹlòmíì. Èyí á ṣe ìpalára: saikọ́lọ́jíìsì tó bá gba àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù ló máa gba máàkì tó kéré jù, láìpẹ́ kò ní sẹ́ni tó fẹ́ gbà wọ́n. Aláìsàn tí oògùn rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ náà lè padà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. A wá gbà pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan la máa fi wé ara rẹ̀, bó ṣe wà kó tó dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ náà àti bó ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba iṣẹ́. Ọ́fíìsì tèmi ni iṣẹ́ náà já lé, inú mi sì dùn pé ó já lé wa.

Ibi ìbéèrè kejì ni a ti fẹ́ ṣe àṣìṣe ńlá. Ẹnì kan dábàá pé kí a pe Télọ̀ àti màmá rẹ̀ sórí pèpéle lọ́jọ́ ayẹyẹ, kí wọ́n jẹ́rìí. Àwọn oníròyìn á wà níbẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni alága ránṣẹ́ pe Àǹtí láti sọ fún wọn pé a ti yàn wọ́n, ó sì fi ètò náà kún un. Àǹtí ò jókòó. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ báyìí ni, kí a fún ẹlòmíì.

Wọ́n ṣàlàyé. Àbúrò Télọ̀ tó ń gbé ẹ̀kọ àárọ̀ yẹn ti dàgbà, ẹnì kan sì ti ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: kí ẹbí ọkọ tó gbé ìdáná, wọ́n á rán èèyàn lọ wádìí, ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé yẹn, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Fọ́tò kan nínú ìwé ìròyìn ti tó. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958 tó ń fi orúkọ wèrè pe aláìsàn, ìròyìn ayọ̀ sì ni fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè wọ pálọ̀ àna lọ. "Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá sọ fún mi ò ní jáde," Àǹtí ní. "Ṣé èmi ni màá wá gbé wọn jáde nítorí àmì ẹ̀yẹ?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Èmi ń wo ilẹ̀. Mo ń ronú nípa pákó tí kò kan àjà.

Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyí: èmi àti Mátírọ́ọ̀nù nìkan la padà lọ bá màmá lábẹ́ igi kajú. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn, mo kọ ọ́, mo kà á sí wọn létí, wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i. Kò sí orúkọ, kò sí àdúgbò, kò sí nọ́ńbà fáìlì. Ìgbìmọ̀ kà á, a fi sínú àpòòwé, alága tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Báyìí la ṣe ṣe é fún gbogbo ẹni tí a yàn lọ́dún náà, tó fi mọ́ nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ áńbúláńsì. Ohun tí mo kọ síbí yìí náà, màmá ti gbọ́ ọ, wọ́n ti ní kí n yí ibi méjì padà, mo sì ti yí i.

Ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà, gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí a dárúkọ Àǹtí, ariwo tó ti ẹ̀yìn wá, láti ibi tí àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù jókòó sí pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì wọn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ọsibítù yẹn. "Ẹ jókòó! Ẹ jókòó!" ni wọ́n ń pariwo, wọ́n sì wà lórí ìdúró. Wọ́n fún wọn ní àmì onígíláàsì, ìwé ẹ̀rí, àti fáànù tó máa ń gba iná pamọ́. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n dárúkọ saikọ́lọ́jíìsì kejì pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni. Wọ́n wá ní, "Ọ̀gá wa, ẹ ṣé fún fáànù. Bí ẹ bá tún fẹ́ fún mi ní nǹkan kan, ẹ bá mi fi ilẹ̀kùn sí yàrá mi." Wọ́n padà sáyè wọn.

Ilẹ̀kùn ò dé kíá. Ìwé ìbéèrè rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka àtúnṣe, ó padà, ó tún lọ. Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni káfíńtà dé. Ó gbé pákó fẹ́lẹ́ yẹn kúrò, ó gbé ògiri onípákó méjì dìde títí kan àjà, ó kan ilẹ̀kùn igi tó ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tí a béèrè fún pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn saikọ́lọ́jíìsì kẹta àti ẹ̀ka tiwọn, ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ ọdún kan lọ́dọ̀ wọn ń lọ bí wọ́n bá ti parí, àwọn mélòó kan ti rékọjá sókè òkun. Àǹtí ń kó àwọn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tiwọn jọ báyìí, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, orúkọ aláìsàn kankan ò sì sí nínú rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì káàdì, a ṣì ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń rí i tí ilẹ̀kùn ń padé. A ti gbé rédíò kúrò lórí káńtà. Ìgbà tí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìkan là ń tan án.